Adìẹ Tuntun Tó Ń Sín

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá fi sáyẹ́ǹsì yẹ òwe yìí wò yóò ní irọ́ ni, nítorí adìẹ kì í làágùn rárá; kò ní ihò òógùn lára. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló máa ń là, tí á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà ń wí gan-an, òótọ́ ni, pàápàá tó bá di ọ̀rọ̀ àìsàn. Gbogbo ẹran apẹranjẹ ló ń wá adìẹ kiri, èyí tó bá sì fi hàn láàárín agbo pé ara òun ò yá ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, ó máa ń pa àìsàn mọ́ra títí agbára rẹ̀ á fi tán. Nígbà tí ẹ bá fi rí i tó ká ara jọ sí kọ̀rọ̀, tó dijú lọ́sàn-án gangan, àìsàn ọ̀hún ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn.

Nínú àwọn àìsàn tó ń sá pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́ yìí, èyí tó bá kan èémí ló máa ń tètè tú ara rẹ̀ fó, nítorí pé ó ní ohùn. Ìsín, ikọ́, imú tó dí, ọ̀fun tó ń ró: ẹni tó bá farabalẹ̀ á gbọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra adìẹ ló sì máa ń gbọ́ ọ jù, láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì tí ẹran náà wọlé. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Òtútù ti mú un." Òtútù kọ́. Mo sì máa fi yé yín nínú orí yìí pé ibi tí ẹ bá fi adìẹ tuntun sí lóṣù àkọ́kọ́ ń ṣe ju oògùn yòówù tí ẹ lè rà lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Temple, àdúgbò kan ní apá àríwá-ìlà-oòrùn Calgary ní Kánádà, nítòsí McKnight Boulevard. Apá ìlú yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti òkè òkun wá ń gbé, ẹ̀yìnkùlé sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, èyí tí wọ́n fi pákó sọgbà yí ká. Títí di ìparí 2021, ẹni tó bá ń sin adìẹ síbẹ̀ ń rú òfin ìlú. Ọjọ́ kìíní oṣù January 2022 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ní kí ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ máa sin àgbébọ̀, kí wọ́n má dín ní 2, kí wọ́n má sì ju 4 lọ. Kò gba àkùkọ, torí kíkọ rẹ̀ ní ìdájí. Ó tún ní kí adìẹ náà ti tó ọ̀sẹ̀ 16. Èyí dára lọ́nà kan: ní ọjọ́ orí yẹn, akọ ti yàtọ̀ sí abo, kò sí pé ẹnì kan ra òròmọdìẹ mẹ́rin kí mẹ́ta nínú wọn wá di àkùkọ sí i lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára adìẹ tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 16. Bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni púpọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ní àkókò tí ara rẹ̀ ń palẹ̀ ẹyin mọ́ yìí gan-an la máa wá gbé e sínú páálí, tí a máa fi mọ́tò gbé e láti oko kan lẹ́yìn ìlú Airdrie tàbí Strathmore, tí a máa tú u sílẹ̀ níbi tí kò dé rí, láàárín àwọn adìẹ tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n á sì máa ṣá a lẹ́nu kí wọ́n lè fi ẹni tó jẹ́ ọ̀gá hàn án. Gbogbo ìnira yìí máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Kòkòrò àìfojúrí tó ti sùn sára rẹ̀ láti oko tí wọ́n ti sìn ín á jí dìde. Bó bá wá di ọjọ́ kẹjọ tàbí ìkẹwàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín, yìnyín tó ń já bọ́ níta la máa di ẹ̀bi rù. Yìnyín ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Adìẹ tó jẹun yó, tí ara rẹ̀ gbẹ, tí atẹ́gùn ò sì máa fẹ́ lù tààrà, ń fara da òtútù ju bí àwa tó ti Ìbàdàn wá ṣe lè fara dà á lọ.

Bí adìẹ ṣe ń mí yàtọ̀ pátápátá sí tiwa. Ẹ̀dọ̀fóró wa máa ń wú, á tún sọ̀. Tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, kì í fi bẹ́ẹ̀ mira. Àpò afẹ́fẹ́ 9 tó tẹ́ láti ọrùn rẹ̀ dé ìkùn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ewìrì ń ṣe lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ: wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n sì ń tì í gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá sí ọ̀nà kan ṣoṣo, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó máa ń gbà tó mímí ẹ̀ẹ̀mejì kí afẹ́fẹ́ tó wọlé lẹ́ẹ̀kan tó jáde tán. Òmíràn nínú àwọn àpò yìí tiẹ̀ wọ inú egungun apá lọ. Kò sí iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó dábùú àyà àti ikùn bó ṣe wà lára wa. Egungun àyà rẹ̀ ló ń lọ síwá-sẹ́yìn bó ti ń mí. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó bá di adìẹ mọ́ra pinpin nítorí ìfẹ́ fi lè pa á. Ihò imú ò dí, ẹnu ò dí, àyà ni kò ráàyè mira.

Èyí ló fà á tí àrùn èémí fi le lára adìẹ ju bó ti rí lára èèyàn lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ara àwọn àpò afẹ́fẹ́ ò tó nǹkan, nítorí náà oògùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ọyún bá ti gbá jọ síbẹ̀, ó máa ń dì ni, kì í ṣàn jáde.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àrùn, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Mo ní kó kúnlẹ̀ nínú ilé adìẹ, kó gbé imú rẹ̀ sí ibi tí orí adìẹ máa ń wà, kó sì mí sínú. Bí òórùn ìgbẹ́ adìẹ bá ta á nímú tí omi sì fẹ́ yọ lójú rẹ̀, amóníà ti pọ̀ níbẹ̀. Àwọn irun tíntìntín kan wà lọ́nà ọ̀fun adìẹ tí iṣẹ́ wọn ni láti máa gbá eruku àti kòkòrò jáde. Amóníà ló ń rọ wọ́n lápá lẹ́sẹ̀. Bó bá ti tó ìpín 25 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó ti ń ṣe adìẹ ní ibi, àwa tí a sì ń dúró lókè, tí à ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ tí a sì ń padà sínú ilé, lè má mọ̀ pé ó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Calgary, ìgbà òtútù lọ̀ràn yìí ń wáyé. Òtútù lè lọ sí òdo dín ní 30, kò sì yani lẹ́nu pé ẹni tó nífẹ̀ẹ́ adìẹ rẹ̀ á máa fi àkísà àti fọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò. Àánú tó ń pa ni nìyẹn o. Èémí adìẹ mẹ́rin àti ìgbẹ́ wọn kún fún omi. Bí omi yẹn ò bá rọ́nà jáde, á sọ ibùsùn wọn di tútù, amóníà á pọ̀ sí i, ogbe orí wọn á sì gan lójú òtútù ju bí ì bá ṣe gan ká ní ilé náà ní fèrèsé lọ. Ihò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, lábẹ́ òrùlé, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ lù wọ́n níbi tí wọ́n ń sùn. Ẹ máa kó ibùsùn tó bá tutù dànù, kódà bí ọwọ́ bá ń dun yín nínú ìbọ̀wọ́.

Eruku náà wà ńbẹ̀. Calgary ga ju ìpele òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ ju ti ọyẹ́ ilé wa lọ nígbà mìíràn. Adìẹ tó sín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí ẹ da ìyẹ̀fun pákó tuntun sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ dán, tó ń jẹun, tó ń túlẹ̀ kiri, ẹ fi í sílẹ̀. Bákan náà ni ti òròmọdìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àjẹsára tó láàyè, irú LaSota tí àwọn ọlọ́sìn ní Nàìjíríà ń fi sínú omi mímu. Ó lè sín fún ọjọ́ mélòó kan, ara ló ń kọ́ bí á ṣe jà.

Èyí tó yẹ kó já yín láyà nínú ọ̀ràn ibùsùn ni èébu. Koríko gbígbẹ tí òjò pa lóko tí wọ́n sì dì bẹ́ẹ̀, tàbí oúnjẹ tó ti bu, máa ń ní èébu tí wọ́n ń pè ní Aspergillus nínú, irúgbìn rẹ̀ sì fúyẹ́ dé ibi pé mímí lásán ti tó láti gbé e wọ àpò afẹ́fẹ́. Adìẹ tí èyí bá mú á na ọrùn, á la ẹnu gbàgà láti fa èémí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ohùn kankan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n, torí àwọn àrùn tó kù máa ń ró. Kò sí oògùn tó ń wò ó lára adìẹ bó ṣe yẹ. Kíkó koríko náà jù nù ló wà.

Bí afẹ́fẹ́ bá dára, tí ibùsùn gbẹ, tí adìẹ sì tún ń sín, nígbà náà la máa wá kòkòrò lọ. Lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti gun ọ̀pá tí wọ́n ń sùn lé, ẹ pa iná, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́sàn-án, ariwo tiwọn àti ti mọ́tò lórí 52 Street á bo ohun tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀. Lálẹ́, adìẹ tí ara rẹ̀ le kì í dún bó bá ń mí. Èyí tí omi wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ á máa ró kẹrẹkẹrẹ. Èyí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti fún á máa súfèé tín-ín-rín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé èyí tí ẹ fura sí. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò imú rẹ̀ díẹ̀; bí ikun bá wà níbẹ̀, á yọ. Ẹ la ẹnu rẹ̀: ní àjà ẹnu, ẹ ó rí ihò gígùn tóóró kan, ibẹ̀ ni imú ti já sẹ́nu. Ó yẹ kó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú rẹ̀. Bí ojú bá wú, tó sì ń rùn bí ohun tó ti jẹrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kọráísà, èyí tí kòkòrò Avibacterium paragallinarum ń fà.

Bí ó bá jẹ́ omi tó ń hó lẹ́bàá ojú, tí imú ń dà, tí ikọ́ ò sì lọ bọ̀rọ̀, Mycoplasma gallisepticum ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí ni mo kà sí ọ̀gá àwọn ẹlẹ́tàn inú wọn. Kì í sábà pa adìẹ fúnra rẹ̀, kò sì yára. Ó ń gba inú ẹyin kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ, èyí ni pé òròmọdìẹ lè gbé e jáde látinú èèpo. Adìẹ tó bá ní in lè dán gbinrin fún oṣù bíi mélòó kan, títí ọjọ́ tí a gbé e sínú páálí lọ sí ilé tuntun. Bí ẹ bá fún un ní oògùn Tylosin, ìsín á dáwọ́ dúró, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ò lọ síbì kankan. Títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ló fi máa gbé e. Àwọn tó bá pàdé rẹ̀ ló máa kó o. Kódà ó ti bọ́ sára àwọn ẹyẹ kéékèèké inú ìlú: ní 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ẹyẹ house finch ní agbègbè Washington ní Amẹ́ríkà, tí ojú wọn wú, tí àwọn mìíràn sì fọ́. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká Amẹ́ríkà ti Àríwá. House finch wà ní Calgary náà, àwo oúnjẹ ẹyẹ tí aládùúgbò gbé kọ́ sórí igi ni wọ́n sì ń jẹ. Ẹ má ṣe gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ẹ̀bá ilé adìẹ yín.

Infectious bronchitis ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1931, gẹ́gẹ́ bí àrùn èémí tuntun tó ń kọ lu òròmọdìẹ. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á ni kòrónáfáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ọwọ́ sáyẹ́ǹsì tẹ̀ láyé, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ COVID-19. Ó ń yára tàn: bí ọ̀kan bá sín lónìí, gbogbo wọn lè máa sín láàárín ọjọ́ méjì. Ó sì ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tó ti ń ṣe ìkà ni ilé ẹyin. Bó bá mú abo adìẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì ìgbésí ayé rẹ̀, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jáde lè bàjẹ́ pátápátá. Adìẹ náà á dàgbà, ogbe rẹ̀ á pọ́n, á máa wọ inú ìtẹ́ lọ jókòó bí ẹni tó ń yé, kò sì ní sí ẹyin. Ẹni tó rà á ní ọ̀sẹ̀ 16 ò mọ̀ pé ó sín nígbà kan rí. Ìbéèrè nípa ìgbà òròmọdìẹ rẹ̀ ò ní iye lórí, àmọ́ ó ń gba owó ẹni là.

Ti laryngotracheitis, tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 1925 ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: adìẹ á wúkọ́, á gbọn orí, ẹ̀jẹ̀ á ta sára ògiri. Èyí tó bá yè á máa gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri láìsí àmì, ìnira á sì máa jí i.

Bí àwọn ará ilé wa bá ka ibi yìí, wọ́n á ní lùkúlùkú ńkọ́? Gbogbo àrùn tó bá gbá agbo adìẹ lọ lẹ́ẹ̀kan làwọn èèyàn wa ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tọ́ sí orúkọ náà jù ni àrùn Newcastle. Ìbàdàn ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín December 1952 àti February 1953, lásìkò ọyẹ́, ìgbà ọyẹ́ ló sì ṣì ń le jù títí dòní. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ àti mímí gúlegúle, ìgbẹ́ á di aláwọ̀ ewé, ọrùn á lọ́, ikú á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ra adìẹ ìbílẹ̀ tàbí irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní Noiler, tó ṣì kéré, nínú àgò ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, tó dà á mọ́ tilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nàìjíríà náà ló kọ́kọ́ kéde àrùn flu ẹyẹ H5N1 lára adìẹ ní Áfíríkà, ní February 2006, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná.

H5N1 ti dé Kánádà náà. December 2021 ni wọ́n rí i ní Newfoundland, nígbà tó sì di ìrúwé 2022, ó ti wọ àwọn oko Alberta. Òun ni ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó tì. Lára adìẹ, ó lè má sín rárá: ogbe á dúdú, orí á wú, òmíràn á kàn kú ni. Bí 2 nínú adìẹ 4 bá kú láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má fọwọ́ kan wọn láìbọ ọwọ́, ẹ má gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ pe Canadian Food Inspection Agency. Òfin ló ní kí ẹ pè wọ́n, nítorí H5N1 àti Newcastle wà lára àwọn àrùn tó pọn dandan láti kéde. Ìdí tí ìjọba Alberta fi ní kí gbogbo ẹni tó ní adìẹ, kódà kó jẹ́ méjì, gba nọ́ńbà ilé ẹran nìyẹn, kí wọ́n lè mọ ilé tó sún mọ́ ibi tí àrùn ti bẹ́.

Ní ti oògùn, ẹni tó ti dàgbà sí ìdí ọ̀sìn ní Nàìjíríà mọ bí a ṣe ń yà ní ṣọ́ọ̀bù, tí a ń ra Oxytetracycline bí ẹni ra iyọ̀. Ní Kánádà, ìyẹn ti dópin láti December 1, 2018: antibayọ́tíìkì tó bá ṣe pàtàkì fún ìwòsàn èèyàn, dókítà ẹran ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Àwọn kan ń bínú sí i. Lójú tèmi, ó dára bẹ́ẹ̀. Bronchitis, laryngotracheitis, Newcastle àti flu, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà wọ́n, antibayọ́tíìkì ò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì kankan. Èébu àti amóníà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ohun tó dájú ni pé oògùn náà á wọ inú ẹyin tí àwọn ọmọ yín máa jẹ. Dókítà lè fi òwú nu ọ̀fun adìẹ kó sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Yunifásítì Calgary ní ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko rẹ̀. Bí adìẹ bá kú, èsì tí òkú rẹ̀ máa fún yín níbẹ̀ á wúlò ju àròsọ lọ.

Ní àkọ́kọ́ ṣáá, ẹ ra gbogbo adìẹ yín lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Òfin ìlú ò gbà ju 4 lọ, nítorí náà kò ṣòro. Bí ọ̀kan bá kú tí ẹ sì fẹ́ fi òmíràn rọ́pò, ẹ ya tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30, níbi tí afẹ́fẹ́ ilé kan ò ti ní fẹ́ dé èkejì; gáráàjì ṣeé lò. Àwọn àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ lárààárọ̀, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ tuntun, kí ẹ sì ní bàtà tí ẹ ń wọ̀ sí ibẹ̀ nìkan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtajà pé àjẹsára wo ni wọ́n ti gbà, ṣé wọ́n ti sín rí, ṣé adìẹ láti ọjà mìíràn ti wọ agbo rẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹni tó bá ń yẹ ìbéèrè yìí sílẹ̀, ẹ fi adìẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé Mycoplasma tàbí laryngotracheitis ti wọ agbo yín, ẹ lè máa tọ́jú wọn lọ, kí ẹ máa jẹ ẹyin wọn lẹ́yìn ọjọ́ tí dókítà bá ní kí ẹ fi sílẹ̀ nítorí oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ má mú tuntun wọ inú wọn mọ́, ẹ má tà wọ́n, ẹ má sì fi wọ́n ta ọ̀rẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ, bó ti wù kí wọ́n dán tó lójú.